Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́rin Kò Yẹ Kó Ṣòfò Nítorí Ọjọ́ Mélòó Kan

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà oko. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni. Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó fìdí rẹmi nínú BEPC àti BAC, àgbà kan dìde, ó ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pé tẹlifóònù ló ti gbé gbogbo wọn lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tó bá bàbá rẹ̀ wá, tó wà ní troisième, na ọwọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo interro àti devoir tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti sixième, ta ni yóò kà á fún mi lọ́jọ́ ìdánwò?" Kó tó jókòó, ẹnìkan ti ní kó panu mọ́, pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. La bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú. Àmọ́ nígbà tí mo délé, n kò rí oorun sùn. Mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí yóò kà á. Ó ní ká dá òun lóhùn, a ní kó panu mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, kí àwa àgbà lè dá ọmọ náà lóhùn.

Bí ètò náà ṣe rí

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe wà, nítorí àwọn òbí wa tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá wọ CI ní ilẹ̀ Benin yìí yóò lo ọdún 6 kó tó ṣe CEP. Yóò lo ọdún 4 sí i, láti sixième dé troisième, kó tó ṣe BEPC. Yóò tún lo ọdún 3 kó tó dé BAC. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún 13, ìyẹn bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró. Olùkọ́ ń ṣe interro, ó ń ṣe devoir, ó ń fún ọmọ ní iṣẹ́ tí yóò ṣe nílé, ó ń pè é síwájú pátákó. Gbogbo nóòtì tí ọmọ ń gbà, ìyẹn máàkì, ni wọ́n ń rò pọ̀ tí wọ́n ń kọ sínú bulletin. Bí àròpọ̀ ọdún kò bá dára, wọ́n lè ní kí ọmọ tún kíláàsì ṣe. Bó bá burú jù, wọ́n lè lé e. Ẹ rí i pé nóòtì olùkọ́ yìí lágbára. Ó lè dá ọmọ dúró fún ọdún kan gbáko, kí bàbá tún owó san, kí ìyá tún àpò ìwé rà.

Àmọ́ jẹ́ kí ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà BEPC tàbí BAC. Nóòtì tó lágbára yẹn á wá di ewé gbígbẹ. Ohun tí ọmọ bá kọ láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn ni òṣùwọ̀n. Bó bá tó 10 nínú 20, ó wọlé. Bí kò bá tó o, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ní ìdáhùn wá sọ ọ́ ní gbangba. Bí nóòtì olùkọ́ bá tó láti dá ọmọ dúró ní quatrième, kí ló dé tí kò tó láti ti ọmọ lẹ́yìn ní troisième? Ṣé ìgbà tó bá máa pa ọmọ lára nìkan ni nóòtì jẹ́ òótọ́? Ṣé ìgbà tó bá máa gbè é ni wọ́n ń rántí pé olùkọ́ lè purọ́?

Ọmọ kan tí mo mọ̀

Ọmọbìnrin kan wà ní agboolé tó wà lẹ́yìn tiwa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ojú má baà tì í. Ọdún tó wà ní terminale, àròpọ̀ rẹ̀ nínú bulletin kò wálẹ̀ ju 13 lọ. Èmi fúnra mi ni mo bá bàbá rẹ̀ ka bulletin yẹn, nítorí bàbá kò mọ̀wé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi sábẹ́ ẹní bí ẹni fi owó pamọ́.

Abúlé ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, ibi ìdánwò sì wà ní ìlú. Wọ́n fi í sílé ìbátan kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń pọn omi. Lálẹ́, á bá wọn gbé àkàsà lọ sọ́jà. Ó kọ ìwé ọjọ́ kìíní, ó dára. Ní òru ọjọ́ kejì, ibà dé. Ẹ̀yin náà mọ oṣù kẹfà, bí òjò ṣe ń rọ̀, bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni. Ó gun zẹ̀mì lọ síbi ìdánwò nínú òjò, ara rẹ̀ ń gbóná, ó jókòó síwájú ìwé ìṣirò, òǹkà ń yí lójú rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ohun tó kù kó tó 10 kò tó nóòtì kan.

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ bàbá kò ká a mọ́. Lónìí, ó ń ta epo kpayo nínú ìgò lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá kọjá, á kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ yìí?

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Èmi kò bá kádàrá jà. Ṣùgbọ́n òfin ìdánwò kò ti ọ̀run wá. Ènìyàn ló jókòó kọ ọ́, ènìyàn sì lè jókòó tún un kọ. Ká ní ìdámẹ́ta péré nínú BAC rẹ̀ ló ti inú iṣẹ́ ọdún náà wá, 13 ọdún ì bá ti gbé e kọjá odò tí ibà ọjọ́ kan gbé e jù sí. Ìṣirò tí ọmọ sixième lè ṣe ni.

Ohun tí ètò yìí ń kọ́ àwọn ọmọ wa

A ní ọmọ ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí nínú kíláàsì. Láti oṣù kejì ọdún, ọmọ á ti máa bi mí pé, "Monsieur, ṣé èyí á jáde?" Bí mo bá ní n kò mọ̀, wọ́n á fi bíìkì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí coefficient rẹ̀ kéré, wọn kò ní fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n ń rà, wọ́n ń há a sórí bí ẹni ń há orin. Ọmọ tó mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù kọkànlá kò ní wúlò fún òun lóṣù kẹfà, kí ló fẹ́ ṣe é fún? Á fi ọwọ́ lẹ́rán títí di oṣù kẹrin, á wá máa sáré kiri bí ẹni tí iná ń jó abà rẹ̀.

Ètò tó ń sọ fún ọmọ pé òpin nìkan ló ṣe pàtàkì ló ń kọ́ ọ pé kó fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣeré. Ìjọba ló ṣí ilẹ̀kùn ọ̀lẹ sílẹ̀, àwa wá ń na ọmọ tó gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ tún wo èyí. Láti 1999 ni wọ́n ti mú ètò ẹ̀kọ́ tuntun wọ CI ní gbogbo ilẹ̀ Benin, èyí tí wọ́n ń pè ní approche par compétences. Ohun tí ètò náà wí ni pé kí ọmọ má kàn há ẹ̀kọ́ sórí, kí ó lè fi ohun tó kọ́ ṣe nǹkan. Ó dára. Àmọ́ ta ló ń rí ọmọ nígbà tó ń fi ohun tó kọ́ ṣe nǹkan? Olùkọ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ló ń rí i. Ìwé ìdánwò kò lè rí ọmọ tó wọn oko bàbá rẹ̀ tó sì ṣírò irúgbìn tí yóò gbà. Kò lè rí ọmọ tó dìde ṣàlàyé fún kíláàsì ìdí tí kàǹga fi ń gbẹ. Báwo la ṣe máa kọ́ ọmọ ní ọ̀nà kan, ká sì wá dán an wò ní ọ̀nà mìíràn?

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Èdè wa ni ọmọ Kétu ń sọ nílé, èdè Faransé ni ó ń kọ níbi ìdánwò. Mo ti kọ́ ọmọ tó mọ ohun tí mo bi í dáadáa, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ Faransé kì í tètè wá sí lórí. Bí mo bá fún un láyè, á rí i. Bí aago bá ń sáré lórí rẹ̀, á sọnù. Abala 11 nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù 12 ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjà èdè tóbi ju ìwé yìí lọ, a óò padà sí i lọ́jọ́ mìíràn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ọmọ tiwa ni ẹrù ìdánwò ọjọ́ kan wúwo fún jù. Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Faransé ní bẹ́ẹ̀dì kò mọ bó ṣe wúwo tó.

Ohun tí àwọn tó takò wá ń sọ

N kò ní fi ọ̀rọ̀ àwọn tó takò wá ṣẹ̀sín, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ìdánwò kì í ṣe ojúsàájú. Òótọ́ ni. Mo ti jókòó sídìí tábìlì níbi tí a ti ń wo ìwé ìdánwò. Orúkọ ọmọ kò sí níwájú wa. N kò mọ̀ bóyá ọmọ mínísítà ni tàbí ọmọ àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ilẹ̀ yìí ló ti ibẹ̀ di ènìyàn, èmi náà wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí wọ́n fagi lé ìdánwò. Ẹni tó bá ní mo sọ bẹ́ẹ̀ purọ́ mọ́ mi. Ohun tí mo ń wí ni pé kí wọ́n ka méjèèjì pọ̀.

Wọ́n ní àwọn olùkọ́ kan ń ta nóòtì. Wọ́n ní àwọn mìíràn ń fi nóòtì dẹ ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí iṣẹ́ mi ni, àmọ́ n kò lè sẹ́ ẹ. Láti 2006 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ Benin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ń yọ obìnrin lẹ́nu báyìí, wọ́n sì tún fi òfin mìíràn kún un ní 2021. Bí a bá fi ìwọ̀n kún nóòtì olùkọ́ láìṣe nǹkan mìíràn, igi tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ búburú yóò tóbi sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ọmọbìnrin tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ní quatrième lónìí, ṣé nítorí BEPC ni? Rárá o. Nítorí pé nóòtì yẹn lè mú un tún kíláàsì ṣe ni. Ìwà ìbàjẹ́ ti wà nínú ilé náà tipẹ́, ìdánwò kò lé e jáde. Òkùnkùn ló ń bọ́ ọ. Títan iná sínú yàrá ló lè lé e, ìyẹn sì ni mo máa sọ níwájú.

Wọ́n ní 14 ilé-ẹ̀kọ́ kan kò jọ 14 ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Olùkọ́ kan ń fúnni bí ọba, èkejì ń há bí ahun. Òótọ́ tún ni. Àmọ́ èyí kì í ṣe ìṣòro tí kò ní oògùn. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ara wọn bá ń ṣe devoir kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n bo orúkọ ọmọ, tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń wo ìwé ti èkejì, 14 á di 14 níbi gbogbo.

Wọ́n tún ní àwọn ọmọ ń fẹ́ nóòtì ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Bí ohun tí a ń bèèrè yìí bá bọ́ sí i, ẹ ò ní rí ibi sá sí mọ́. Interro oṣù kọkànlá á ka. Iṣẹ́ ilé tí ẹ̀gbọ́n yín ń bá yín ṣe, ẹ óò wá síwájú pátákó wá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ń sùn láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kẹta ni yóò kọ́kọ́ sunkún. Ibo wá ni nóòtì ọ̀fẹ́ wà?

Àwọn tó ti ṣe é

Ta ló fún wa ní BAC? Faransé ni. Napoléon ló dá a sílẹ̀ ní 1808. A gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù 8 ọdún 1960, àmọ́ a kò fi ìdánwò wọn sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Faransé fúnra wọn ṣe. Nínú BAC wọn báyìí, 40 nínú 100 ń ti inú iṣẹ́ tí ọmọ ti ń ṣe bọ̀ wá, 60 ń ti inú ìdánwò ìparí wá. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n fagi lé ìdánwò kíkọ, nóòtì ọdún ni wọ́n fi fún àwọn ọmọ wọn ní BAC. Ọmọ wọn ò kú, ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn ò wó. Ẹni tó fún wa ní ìlù ti yí ọwọ́ padà, àwa ṣì ń jó ijó àná.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtòsí. Àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n wà ní òdìkejì ààlà Kétu, ti ń gbé pẹ̀lú ètò yìí láti ìgbà tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní 1982. Iṣẹ́ ọdún wà lára ohun tí wọ́n ń rò mọ́ ìdánwò ọmọ. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló dára? Rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbátan níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń da nóòtì sílẹ̀ bí ẹni da omi, kí orúkọ wọn lè dára. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká má ṣe é láìsí olùṣọ́. Ẹni tó bá rí i tí ará ẹ̀yìn odi jìn sí kòtò, á kọ́gbọ́n, àmọ́ kò ní torí ẹ̀ jókòó sílé.

Àwa náà ní òṣùwọ̀n tiwa

Ẹ̀yin àgbà, kí ni mo ń wá lọ sí ilẹ̀ Faransé? Ṣebí àwa náà mọ bí a ṣe ń wọn ènìyàn. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ọ̀gá rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rí i nígbà tó gé aṣọ oníbàárà bà jẹ́. Ó rí i nígbà tó fi òru ọdún rán aṣọ ogún ènìyàn. Nígbà tí ọjọ́ ìgbòmìnira bá dé, ọ̀gá lè ní kó rán nǹkan níwájú ìjọ, kí gbogbo ayé rí i. Ìdánwò nìyẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ọ̀gá tó máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin pé, "Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lónìí, o ò mọ iṣẹ́, máa lọ sílé." Bí ọ̀gá bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn òbí á gbé ọ̀rọ̀ wá sí ààfin, Kábíyèsí á sì bá a wí.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ rántí Àkábà Ìdẹ̀nà. Àwọn baba yín yí ìlú ká pẹ̀lú odi àti yàrà, wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà tó le, wọ́n fi olùṣọ́ sí i. Ọ̀tá ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọmọ ilé tó lọ sóko láàárọ̀, tí gbogbo olùṣọ́ mọ ojú rẹ̀, tí wọ́n mọ baba rẹ̀, ṣé wọ́n á tì í mọ́ta lálẹ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ há lọ́jọ́ kan? Ẹnu ọ̀nà tí kò dá ọmọ ilé mọ̀ kì í ṣe ààbò mọ́.

Ohun tí a ń bèèrè

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Mo ti rí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀: àga, òrùlé, olùkọ́ tí kò tó. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí a fi ohun mẹ́rin yìí kún un.

Èkíní, kí iṣẹ́ ọdún jẹ́ 30 nínú 100 nínú BEPC àti BAC láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe déédéé, kí wọ́n gbé e dé 40.

Èkejì, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò máa ṣe devoir kan náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan nínú ìdajì ọdún, kí wọ́n bo orúkọ ọmọ, kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wò ó.

Ẹ̀kẹta, kí nóòtì wà ní gbangba. Kí ọmọ gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́, kí òbí rí i, kí aṣojú ẹgbẹ́ àwọn òbí fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nóòtì tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má lè fi bíìkì yí i padà lóru. Bí nóòtì ọdún ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ga fíofío ju nóòtì ìdánwò wọn lọ, kí wọ́n pe dírẹ́tọ̀ kó wá ṣàlàyé.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọbìnrin tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ní ẹni tí ó lè lọ bá, tí kì í ṣe olùkọ́. Ẹ̀yin ìyálójà, ẹ̀yin ni mo ń wò. Ọmọ tí kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ lè sọ fún yín.

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ Kútọnu ni èyí, pé agbára wa kò dé ibẹ̀. Ẹ̀yin Kábíyèsí, nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbò, ààfin yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ gbàdúrà fún àwọn. Ẹ gbàdúrà fún wọn o. Kí ẹ tó ṣe àmín, ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ máa ṣe sí iṣẹ́ ọdún àwọn ọmọ wa?" Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, kó lọ wá a wá.

Ohun kan sì wà tí kò dúró de mínísítà kankan. Ọdún yìí gan-an la lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan tí ìdánwò ti ń wáyé yan ilé tí àwọn ọmọ abúlé á máa dé sí, pẹ̀lú apẹ̀yẹ̀fọn àti oúnjẹ, kí wọ́n má baà sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò. Ẹ̀yin tó ni orò, ẹ bá wa wo ọjọ́ ìdánwò kí ẹ tó dá ọjọ́ orò, kí ọmọbìnrin má baà wà nínú ilé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìwé. Ẹ̀yin tó ń ṣe òkú àti ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sinmi lóru ọjọ́ mélòó kan yẹn. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, mo mọ̀ pé kajú ń pọ́n nígbà tí ìwé le, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà ní troisième àti terminale dúró ti ìwé rẹ̀. Kajú á tún so lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ náà lóhùn

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí a ní kó panu mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò ní kí a fún òun ní ohun tí kì í ṣe tòun. Ó bèèrè ibi tí òógùn òun ń lọ. Bí àgbẹ̀ bá bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí àgbàdo rẹ̀, a ò ní ní kó panu mọ́. A óò ní ká lọ wo oko.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo fi èyí kún un: ọmọ tí a kọ́, tó sì gba ẹ̀kọ́, tí a wá sọ fún pé iṣẹ́ ọdún 13 rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, kì yóò dúró gbé ilé náà. Yóò fi í sílẹ̀ lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá bẹ bàbá ọmọ yẹn kó tún mú un wá. Màá ní kó tún ìbéèrè rẹ̀ bi wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ìwé tí a fẹ́ kọ sí àwọn aláṣẹ wà lórí tábìlì, kí ohun mẹ́rin yìí wà nínú rẹ̀, kí àwọn olóyè sì ti fọwọ́ sí i. Ìyẹn la óò fi dá a lóhùn.

Ire kárí o. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ.

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹgbẹ́